Kí O Tó Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì Ìkọ̀wé: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọmọ Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ mi ní yunifásítì ní Ìlíṣàn àti Ṣágámù, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò JAMB ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, agbẹjọ́rò àti olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ nóòtù, èyí tí ènìyàn ń fi kálàmù tí kò ní yíǹkì kọ ọ̀rọ̀ sí lójú, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù tó ti ṣèlérí rẹ̀. Àwọn kan ń dá àjọ nítorí rẹ̀. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo sì kà jù láyé mi. Mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yín tì pé àṣà ìgbàlódé lásán ni. Mo ti bèèrè, mo ti kà nípa rẹ̀, mo sì ti jókòó kọ̀wé sórí ti àwọn ọmọ ọmọ mi. Ohun tí mo rí nìyí.

1. Mọ èyí tí wọ́n ń tà fún ọ.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn oníṣòwò ń pè ní orúkọ kan náà, owó wọn sì jìnnà síra gan-an. Èkínní ni pátákó kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń rà fún ọmọdé. Wàá kọ̀wé sí i, ìlà aláwọ̀ ewé yóò yọ lójú dúdú rẹ̀, wàá tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo rẹ̀ yóò pa rẹ́. Kò lè tọ́jú ohunkóhun. Ó dára fún ọmọ tó ń kọ́ a-b-d. Ó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, tí àwọn ẹbí fẹ́ mọ ohun tó ń fẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí a ń kọ nóòtù sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi í lọ̀ ọ́ ní ọjà Sábó pé tábúlẹ́ẹ̀tì ìkọ̀wé ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ.

Èkejì ni pádì tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, bí èyí tí Wacom ń ṣe ní Japan tàbí èyí tí Huion àti XP-Pen ń ṣe ní Ṣáínà. Orí pádì ni ọwọ́ rẹ wà, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló lò ó nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní 2020, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìṣirò lójú àwọn ọmọ lórí Zoom. Ohun èlò olùkọ́ ni. Ẹni tó jókòó nínú kíláàsì kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ń tàn yanran. iPad wà níbẹ̀, tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta kálàmù fún ní 2015, tí a sì ń ra kálàmù náà lọ́tọ̀. Irú Samsung Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 náà wà níbẹ̀, tí kálàmù rẹ̀ wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú rẹ̀, tí kálàmù náà kì í sì í gba iná. Ohun tí fóònù ń ṣe, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ni àǹfààní wọn wà, ibẹ̀ náà ni ewu wọn wà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọ́n ń pè ní e-ink, òun sì ni ọ̀pọ̀ yín ń rí nínú fídíò tí ọkàn yín fi ń fà sí i. Àwọn ará Norway ló ń ṣe reMarkable, èyí àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn oníbàárà ní 2017. Amazon mú Kindle Scribe jáde ní 2022. Boox àti Supernote wá láti Ṣáínà. Nínú ojú irú ẹ̀rọ yìí, àìmọye àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló wà, tí ẹ̀tù dúdú àti ẹ̀tù funfun kún inú wọn. Agbára iná ló ń ti ẹ̀tù tó yẹ wá sókè. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yọ tán, kò gba iná mọ́ kó tó lè dúró. Ìgbà tí ohun tó wà lójú rẹ̀ bá ń yí padà nìkan ni ojú náà ń jẹ bátìrì. Láti inú iṣẹ́ ìwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n yìí ti jáde, 1997 sì ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ E Ink sílẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí bí ẹ̀tù náà ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ náà fi ń lo ọjọ́ púpọ̀ láìgba iná, tí oòrùn ọ̀sán kì í sì í pa ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ rẹ́. reMarkable kò ní WhatsApp, kò sì ní bọ́ọ̀lù. Boox ní Android nínú, gbogbo ohun tó ń jí àkókò rẹ lórí fóònù lè bá ọ débẹ̀.

2. Gbé nóòtù sáà tó kọjá jáde.

Kó gbogbo ìwé tí o kọ ní sáà tó kọjá jọ, tẹ́ wọn sílẹ̀, kí o ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ewé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ bá kún, tí ìyókù funfun gbòò, kò sí ẹ̀rọ tó lè wo ìyẹn sàn. Bí ìwé bá kún àmọ́ tí kò sí ẹ̀rí pé o padà síbẹ̀ rárá, kò sí ìlà lábẹ́ ọ̀rọ̀, kò sí ìbéèrè létí ìwé, kò sí ibi tí o ti tún àṣìṣe ara rẹ ṣe, a jẹ́ pé ò ń kọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ nínú kíláàsì ni. Tábúlẹ́ẹ̀tì yóò fún ọ ní àyè sí i láti máa kó o pa mọ́. Àmọ́ bí ìwé rẹ bá ti gbó nítorí ṣíṣí, tí ìṣòro rẹ jẹ́ pé o mọ̀ pé o kọ ọ̀rọ̀ kan lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí o kò wá rí i láàárín ìwé mẹ́sàn-án, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan láti ìtòsí. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Wọ́n bí i níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1909. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì sí owó tí yóò gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ́ ìwé títẹ̀ àti ṣọ́táàndì, ìyẹn ọgbọ́n fífi àmì kúkúrú bá ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn rìn kó má bàa sá lọ. Ọgbọ́n yẹn ló fi ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, kó tó di oníròyìn. Ilé rẹ̀ ló ti ń dá kàwé títí tó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó kọjá sí ìlú òyìnbó lọ kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ náwó àti àkókò lé lórí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹni tó ní pẹ́ẹ̀nì láyé ìgbà náà pọ̀. Ẹni tó lè fi í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu kò pọ̀.

Nítorí náà, kí o tó dá owó jọ fún ẹ̀rọ, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ nóòtù sínú jọ́tà lásán pẹ̀lú òfin mẹ́ta: kókó ni kí o máa kọ, má kọ gbogbo gbólóhùn; fi àyè sílẹ̀ lápá òsì fún ìbéèrè tìrẹ; padà ka èyí tí o kọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí o kò bá lè pa àwọn òfin yìí mọ́ lórí ìwé, o kò ní lè pa wọ́n mọ́ lórí ohunkóhun.

3. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí ìjìnlẹ̀ dẹ́rù bà ọ́, má sì fojú di í.

Ní 2014, Mueller ti Princeton àti Oppenheimer ti UCLA ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ nóòtù máa ń da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ bí ó ti rí, pé àwọn tó fi ọwọ́ kọ ọ́ sì dáhùn ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ìwádìí yẹn gbajúmọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2019, ìyàtọ̀ náà kò hàn gedegbe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò ní fi í búra.

Méjì mìíràn ni mo fi ọkàn sí. Ní Trondheim ní Norway, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ 36 láti wo bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2024. Nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya lẹ́tà, apá púpọ̀ nínú ọpọlọ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kálàmù orí ẹ̀rọ ni wọ́n lò, kì í ṣe ìwé. Èyí gbe ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Tokyo, ní 2021, wọ́n fún ènìyàn 48 ní ètò ìpàdé oríṣiríṣi láti kọ sílẹ̀, àwọn kan sínú ìwé, àwọn kan sórí tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kálàmù, àwọn kan sórí fóònù. Àwọn oníwèé parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 11, àwọn onítábúlẹ́ẹ̀tì ní 14, àwọn onífóònù ní 16. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́yìn wákàtí kan, apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí ta jí jù lọ lára àwọn oníwèé. Àlàyé àwọn olùwádìí ni pé ìwé ní ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí. Ọ̀rọ̀ náà wà lókè lápá òsì, ní ojú ewé tí etí rẹ̀ ká, níbi tí epo kán sí. Ojú ewé tábúlẹ́ẹ̀tì, bákan náà ni gbogbo wọn.

Èyí mú mi rántí wàláà ní ilé kéú. Ọmọ kéú yóò fi tàdáwà kọ ẹsẹ náà, yóò kà á, yóò tún un kà, ààfáà kò sì ní jẹ́ kí ó fọ wàláà náà títí yóò fi wà lórí rẹ̀. Nítorí pé wàláà kékeré ni, tí òmíràn kò lè wọlé àfi bí ti àkọ́kọ́ bá ti kúrò, ọmọ náà gbọ́dọ̀ kó ọ̀rọ̀ náà sórí. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í kún. Ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé, kò sì sí ọjọ́ kan tí yóò sọ fún ọ pé kí o kọ́kọ́ mọ èyí kí o tó kọ òmíràn. Bí o bá rà á, ìwọ fúnra rẹ ni wàá jẹ́ ààfáà ara rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ.

4. Ṣe ìṣirò owó náà ní náírà, kì í ṣe ní dọ́là.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní $400 lókè òkun, tí ì bá jẹ́ ₦184,000 tẹ́lẹ̀, wá di ₦600,000 bí a bá fi ₦1,500 ṣírò rẹ̀, ẹ ò sì tíì san owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ kan yóò fi oṣù mẹ́jọ ààbọ̀ ṣiṣẹ́ fún un láìjẹ, láìmu. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ tí a rà á. Orí kálàmù máa ń jẹ, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Àpò rẹ̀ wà lọ́tọ̀. reMarkable ní owó oṣooṣù tó ń jẹ́ Connect fún àwọn àǹfààní kan, dọ́là sì ni. Bí ojú e-ink bá là, kì í ṣe gbogbo atúnfóònù-ṣe ni yóò rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ti Samsung àti iPad rọrùn láti tún ṣe ní Ìkẹjà.

Ẹ̀yin tí NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń fún ní ₦20,000 lóṣù fún ìnáwó ara yín, ẹ gbọ́ mi dáadáa: owó oúnjẹ nìyẹn. Gbèsè tí ẹ óò san padà sì ni. Ẹ má fi dá àjọ tábúlẹ́ẹ̀tì.

5. Bi iná léèrè.

NẸ́PÀ la ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ló ń pín in fún wa láti 2013. Apple ní iPad lè lò tó wákàtí mẹ́wàá. Bí kíláàsì rẹ bá ti aago mẹ́jọ àárọ̀ di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí kò sí iná nílé lálẹ́, ọ̀la ti dìṣòro. e-ink kò ní ìyẹn, ó lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣe fídíò láti òkè òkun kì í ráyè sọ, nítorí pé iná kì í lọ níbi tí wọ́n wà: reMarkable 2 kò ní iná kankan lójú. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ó ṣókùnkùn bákan náà ni. Wàá ní láti tan tọ́ọ̀ṣì lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí wàá ti ṣe fún ìwé. Kindle Scribe tó jáde ní 2022 ní iná tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í kú lè má rí èyí bí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ẹni tó yá yàrá lẹ́yìn ilé ìwòsàn ní Ṣágámù gbọ́dọ̀ rò ó.

6. Àwọn tí mo lè sọ fún pé kí wọ́n rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ṣágámù wà níwájú. Iṣẹ́ yín kún fún PDF, ojú ewé ọgọ́rùn-ún lé ọgọ́rùn-ún, àwòrán iṣan àti egungun tí ẹ gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ sí lára. Bí ẹ bá ń tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní ilé fọtokópì, owó náà ń pọ̀, àwòrán á sì di dúdú títí ẹ kò fi ní mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀pá ẹ̀jẹ̀. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní àwọ̀, ẹ lè kọ̀wé sára àwòrán gan-an, kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ láti dán ara yín wò. Fún irú iṣẹ́ yìí, mo fara mọ́ Samsung tàbí iPad àlòkù ju e-ink aláwọ̀ dúdú àti funfun lọ, àfi kí ẹ yọ TikTok àti ayò kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Agbẹjọ́rò tó ń gbé fáìlì gọbọi káàkiri ilé ẹjọ́ wà nínú wọn pẹ̀lú. e-ink ló yẹ ẹ́.

Àwọn mìíràn tí ènìyàn kì í rántí ni àwọn tó ń kọ Yorùbá. Kálàmù kò mọ èdè òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà tí kíbọọ̀dù ń fi dà wá láàmú, ọwọ́ ń kọ wọ́n láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ Yorùbá, akọ̀ròyìn, ẹni tó ń gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, gbogbo wọn lè jẹ àǹfààní yìí. Ibi tí ẹ ti máa ṣọ́ra ni àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣèlérí pé àwọn yóò sọ ìkọ̀wé ọwọ́ di ọ̀rọ̀ títẹ̀. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí ìlà kan, kí ẹ wo ohun tí yóò dá padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra JAMB kò nílò rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ óò ti ṣe ìdánwò yẹn; owó tí ẹ bá ní, ẹ fi dánra wò níbi tí kọ̀ǹpútà wà. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ ta obì ní Ṣágámù, tó ń ka apẹ̀rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ àti èyí tó kù, ìwé eléwé 80 tó o.

7. Ọ̀nà kẹta wà tí kò náni lówó.

Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1956. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn roko, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé wà lọ́wọ́ yín, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Kọ nóòtù rẹ sínú ìwé. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, fi Google Drive ya ojú ewé tí o kọ lọ́sẹ̀ náà. Ó ní àyè fún un, ó sì ń sọ wọ́n di PDF. Fi orúkọ kọ́ọ̀sì àti déètì pe fáìlì náà, kí o lè rí i nígbà tí o bá wá a. Bí o ti ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ ń padà lọ sórí wọn, ìyẹn nìkan ju ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lọ. Ìrántí tí ìwé ń fúnni wà níbẹ̀, wíwá-rí tí ẹ̀rọ ń fúnni wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín, ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ dúró sí.

8. Bèèrè bí ọ̀rọ̀ rẹ yóò ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ìsarà, tí kò jìnnà sí wa, ni bàbá Wọlé Ṣóyínká ti wá. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ ìwé tó pè ní Ìsarà, tó jáde ní 1989, ó ṣàlàyé pé àpótí páànù kan ló sún òun sí i, èyí tí òun ṣí lẹ́yìn ikú bàbá náà: lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ ìpàdé. Olùkọ́ ni bàbá náà. Kò kọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn nítorí pé yóò di ìwé. Ó kọ wọ́n, ó sì fi wọ́n síbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè tó. Ní Ìkẹ́nnẹ́ náà, ilé ìkàwé Ṣópòlú wà, tó ń jẹ́ orúkọ bàbá Awólọ́wọ̀, níbi tí ìwé Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ìpamọ́ láàárín ìlú tí wọ́n ti bí i.

Nóòtù tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ìwọ nìkan mọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá yí òfin rẹ̀ padà, tàbí tí ẹ̀rọ náà kú, ta ni yóò rí i? Nítorí náà, má ra èyí tí kò lè sọ nóòtù rẹ di PDF lásán tí ẹ̀rọ mìíràn lè ṣí. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí fíláàṣì tàbí kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá ṣe pàtàkì gan-an, tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, kí o sọ fún ẹnì kan nínú ilé ibi tí ó wà.

9. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kúrú, ṣùgbọ́n ó le. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì, ẹ má kọ orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà káàdì rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sókè òkun. Láti oṣù Kẹfà 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìròyìn nípa ènìyàn, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára èyí tí òfin náà fọwọ́ líle mú. Kọ ọjọ́ orí àti àìsàn, kí o kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ìyá tó gbà pé kí o dúró ti ibùsùn òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ e-ink, ìwọ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

10. Bí o bá ti gba gbogbo èyí kọjá, tí o ṣì fẹ́ rà á.

Kọ́kọ́ yá ti ọ̀rẹ́ kan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nínú sáà tí iṣẹ́ pọ̀, má ṣe é ní àkókò ìsinmi. Bí o bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, má rà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jókòó, gbé ọwọ́ lé ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ̀wé gan-an, kí o wò ó bóyá ó ń ka àtẹ́lẹwọ́ rẹ sí kálàmù. Kọ̀wé kíákíá, wo bóyá ìlà ń tẹ̀lé ọwọ́ tàbí ó ń lọ́ra. Ṣí PDF kan tó tóbi gidi, irú èyí tí ẹ ń lò, kí o yí ojú ewé rẹ̀ padà léraléra. Ọ̀pọ̀ e-ink a máa lọ́ra níbẹ̀. Bí àlòkù bá ni, wo gbogbo etí ojú rẹ̀ bóyá kò ní àmì dúdú tí kò kúrò, kí o sì rí i pé ẹni tó tà á ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Bí ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù bá ni yóò rà á, pè é, má kọ ọ́ sórí WhatsApp. Sọ irú iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ṣe fún un, má kàn sọ orúkọ ẹ̀rọ. Sọ fún un pé iná kì í dúró níbí, kí ó wá èyí tó ní iná lójú. Kí ó ra orí kálàmù púpọ̀ dání, kí ó ra àpò tó le nítorí ọ̀kadà, kí ó sì fi rìsíìtì sínú páálí, nítorí pé ìwọ ni yóò kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà bí ó bá bàjẹ́ kí ọdún tó pé.